Kí ni kí n sọ fún àwọn onízémì wa lọ́jọ́ 25 oṣù Kọkànlá?

Bàbá Páàkì (Kétu):

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Kétu, ní Bẹ̀nẹ̀, ni mo wà. Ọdún 19 rèé tí mo ti ń gun zémì, kẹ̀kẹ́ alùpùpù tí a fi ń gbé èrò, ọdún 6 nínú rẹ̀ ni mo sì fi ń ṣe olórí páàkì wa. Àwa 41 la jọ ń dúró níbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan láti CPS, ọ́fíìsì ìjọba tó ń ran àwọn tó wà nínú ìṣòro lọ́wọ́ (GUPS ni wọ́n ń pè é báyìí), wá bá mi. Ó ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá ń bọ̀, ọjọ́ tí gbogbo ayé fi ń sọ̀rọ̀ lórí ìwà ipá sí obìnrin, àti pé láti ọjọ́ náà títí dé ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá làwọn yóò máa káàkiri. Ó ní lọ́dọọdún, obìnrin làwọn ń kó jọ. Àwọn obìnrin ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà títí ó fi sú wọn, wọ́n mọ ẹni tí wọ́n lè lọ bá, wọ́n mọ nọ́ńbà tí wọ́n lè pè. Ó ní ọkùnrin ló kù. Ó fẹ́ kí ọkùnrin bá ọkùnrin sọ ọ́ ní páàkì, kó má jẹ́ òun. Ó ní kó jẹ́ èmi.

Mo ti gbà. Láti ìgbà tí mo ti gbà ni oorun ò ti kùn mí mọ́.

Ní èṣí, àwọn kan wá sí páàkì wa. Wọ́n gbé gbohùngbohùn dání, wọ́n fún wa ní tísáàtì funfun tí wọ́n kọ nǹkan sí láyà. Ọ̀rọ̀ wọn ò ju ìṣẹ́jú 20 lọ, Faransé ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Wọ́n ní ká má fipá bá obìnrin lòpọ̀. Ta ni nínú wa ni yóò nawọ́ sókè pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀? Kálukú ń wò ọ̀kánkán, ó ń rò pé ẹnì kan tó lúgọ sínú igbó lóru, tó mú ọ̀bẹ dání, ni wọ́n ń bá wí. A pàtẹ́wọ́, a gba tísáàtì, a lọ gbé èrò. Aṣọ yẹn ni púpọ̀ nínú wa fi ń nu kẹ̀kẹ́ báyìí.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa ò jọ ti inú igbó rárá. Àwọn ọmọbìnrin tó ń ti abúlé lọ sí CEG, ilé ìwé girama wa, kìlómítà 6 tàbí 7 ni wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn láàárọ̀, wọ́n á tún rìn ín padà nínú oòrùn. Onízémì á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn: "Gùn ún, ọmọ mi, mi ò ní gba nǹkan kan." Lónìí ọ̀fẹ́, lọ́la ọ̀fẹ́. Lọ́jọ́ kẹta á ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà fún un. Nígbà tó bá fi di ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ti di gbèsè, ẹni tó ń gbé e ti ń ka iye ìgbà tó gun kẹ̀kẹ́ òun. Ọjọ́ kan á wà tí kẹ̀kẹ́ á yà kúrò lójú ọ̀nà. Bí ọmọ bá kọ̀, wọ́n á bi í pé ta ló sọ fún un pé ọ̀fẹ́ ni. Láàrin ara wa, "gbígba owó ọkọ̀" là ń pe nǹkan yìí. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ ọjà kan, ọ̀kan nínú wa jókòó sórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ọtí sódàbì ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ó ń ròyìn bí òun ṣe gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ọmọ CEG kan. Ó ní ọmọ náà ń sunkún. Ó sín ẹkún ọmọ náà jẹ fún wa. Àwa 7 la wà níbẹ̀, a sì rẹ́rìn-ín. Èmi olórí páàkì, mo rẹ́rìn-ín. Kò dùn mọ́ mi nínú, Ọlọ́run mọ̀, ṣùgbọ́n àwọn yòókù ń rín, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n máa wò mí bí ẹni tí kì í ṣe ara wọn. Ọmọ náà ò lọ sílé ìwé mọ́ láti ìgbà náà. Ọkùnrin yẹn ti kó lọ sí Nàìjíríà. Mi ò ní dárúkọ abúlé, mi ò sì ní dárúkọ èèyàn.

Ìyá ọmọ náà ń tajà lọ́jà wa. Ó máa ń kí mi bí mo bá ń kọjá. "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o."

Ìbéèrè mi rèé: kí ni mo lè sọ fún àwọn èèyàn wọ̀nyí tí kò ní di aṣọ ìnukẹ̀kẹ́? Ṣé òfin ni kí n kà fún wọn kí ẹ̀rù lè bà wọ́n? Ṣé kí n ní kí wọ́n rántí pé àwọn náà bí ọmọbìnrin? Ìṣẹ́jú 30 ni mo ní, láàárọ̀ kùtù, kí wọ́n tó fọ́n ká.

Ìyá Agbẹ̀bí (Àjàṣẹ́):

Bàbá Páàkì, ẹ kú ọkàn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ọ̀rọ̀ yín kí n tó lè dáhùn. Agbẹ̀bí ni mí níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ọdún 22 ti lọ nídìí ẹ̀. Ọ̀dọ̀ wa làwọn ọmọ tí ẹ ń wí yẹn ń dé sí, àmọ́ wọn kì í tètè dé, ìyẹn ló ń dùn mí jù. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mẹ́rin, nígbà tí ikùn bá ti yọ, ni ìyá wọn á tó fà wọ́n lọ́wọ́ wá.

Nínú ìṣẹ́jú 30 yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi 5 sọ èyí fún wọn, nítorí bí ọmọ tí wọ́n fipá bá lòpọ̀ bá tètè dé, lọ́pọ̀ ìgbà zémì náà ló ń gbé e wá bá wa lóru. Oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV wà, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé, ọjọ́ 28 la ó sì fi lò ó. Oògùn ìdènà oyún wà, kó má kọjá ọjọ́ 5, bó bá sì ṣe yá tó ló ṣe dáa tó. Bó bá ṣeé ṣe, kí ọmọ má tíì wẹ̀, kó má sì fọ aṣọ tó wọ̀. Bó bá ti wẹ̀, kó ṣáà máa bọ̀, kò sẹ́ni tó máa lé e. Bó bá jẹ́ ọmọdé, kí wọ́n tẹ 138, nọ́ńbà àwọn ọmọdé ni jákèjádò Bẹ̀nẹ̀. Onízémì tó bá mọ nǹkan wọ̀nyí sórí lè gba ọmọ là kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ní ti pé kí wọ́n rántí ọmọbìnrin tiwọn, mo bẹ̀ yín, ẹ má gbé e síwájú. Mo mọ̀ pé ọkàn rere lẹ fi sọ ọ́. Àmọ́ mo ti wà níbi ìpàdé tí wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀, tí ọkùnrin kan sì dìde, tó ní ọmọ tòun wà lábẹ́ ìṣọ́ òun nílé, pé ọmọ tí kò ní bàbá gidi lẹ́yìn ni nǹkan ń ṣe. Ẹ rí ibi tọ́rọ̀ yẹn ń lọ? Ọmọ tí kò ní alágbára lẹ́yìn ò já mọ́ nǹkan kan mọ́ nìyẹn. Ọmọ tó ń fẹsẹ̀ rin kìlómítà 7, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ara rẹ̀, tirẹ̀ ni, ì báà má lẹ́bí láyé.

Ẹ̀yin fúnra yín ti rí ìdí ọ̀rọ̀ yìí: ẹni inú igbó kọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2021 pé nínú obìnrin 3 láyé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé 1 ti rí ìwà ipá, yálà ti lílù tàbí ti ìbálòpọ̀, ọwọ́ ọkọ tàbí olólùfẹ́ ló sì ti wá jù. Nínú gbogbo àwọn tí mo ti tọ́jú, ẹnì kan ṣoṣo ni mo rántí tí kò mọ orúkọ ẹni tó ṣe é ní ibi. Ẹ fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ búrẹ́dì àti ẹ̀wà.

Ọmọ Alákétu:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi o. Èmi náà ń gun zémì, owó Yunifásítì ni mo fi ń wá. Mo máa ń gbé àwọn ọmọ ilé ìwé lọ́fẹ̀ẹ́ bí òjò bá ń rọ̀, mi ò sì fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni rí. Bí ẹ bá dúró níwájú àwọn èèyàn tí ẹ sọ ọ̀rọ̀ yìí báyìí, gbogbo wa la máa di ọ̀daràn lójú ìlú. Lọ́la, èmi náà á wo ọmọ nínú òjò, màá sì kọjá lọ. Ṣé ìyẹn ló dáa? Kí ẹ sì tún mọ̀ pé àwọn ọmọbìnrin kan wà tó jẹ́ pé àwọn ló ń wá onízémì kiri nítorí owó. Kí ló dé tẹ́nikẹ́ni ò kì í sọ ti wọn?

Olùkọ́ Sàbẹ́:

Ọmọ Alákétu, mo dúpẹ́ pé o sọ tinú rẹ. Irú yín gan-an lọ̀rọ̀ yìí ń wá.

Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, níbí lẹ́sẹ̀ òkè Sàbẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan. Lọ́jọ́ 6 oṣù Kejìlá ọdún 1989, ọkùnrin kan wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Montréal, ní Kánádà, ó ya obìnrin sọ́tọ̀, ó sì pa 14 nínú wọn. Ní 1991, àwọn ọkùnrin kan ní Kánádà kó ara wọn jọ, wọ́n ní àwọn ò ní jẹ́ kó jẹ́ obìnrin nìkan ni yóò máa sunkún ọ̀ràn náà. Wọ́n so ríbọ́ọ̀nù funfun mọ́ àyà. Ẹ̀jẹ́ mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: mi ò ní hu ìwà ipá sí obìnrin, mi ò ní fara mọ́ ọn, mi ò sì ní dákẹ́ bí mo bá rí i. Ọmọ mi, o ti mú ẹ̀jẹ́ àkọ́kọ́ ṣẹ, Ọlọ́run á bù kún ọ. Èkejì àti ẹ̀kẹta la ń bá ọ sọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n sín ẹkún ọmọ jẹ ní páàkì, ẹni kan ló ṣẹ̀, ẹni 7 ló rín in. Bí ẹyọ ẹnì kan nínú àwọn 7 bá ti sọ pé "Èyí ò dáa o", ẹ̀rín ì bá kú síbẹ̀. Àwọn àgbà Yorùbá ti sọ ọ́ ṣáájú Kánádà: bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀hùrù rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Ní ti àwọn ọmọbìnrin tó ń wá owó: ọmọdé kì í ṣí ìwé gbèsè. Ta ló kọ́kọ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó ní "gùn ún, mi ò ní gba nǹkan kan"? Àgbà ni. Mo ti rí i lọ́dọ̀ àwa olùkọ́ náà, kí ẹ má rò pé onízémì nìkan ni. Àbúrò mi Bàbá Páàkì, sọ ìyẹn fún wọn kí wọ́n má bàa rò pé àwọn nìkan la dójú lé.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́, bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, ni kí ẹni tí wọ́n mọ̀ máa sọ̀rọ̀ náà níbi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n, kó sì máa tún un sọ. Ní Kampala, ní Ùgáńdà, wọ́n ṣe ètò kan tí wọ́n pè ní SASA!, ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Swahili ni "nísinsìnyí". Àwọn ará àdúgbò fúnra wọn ni wọ́n kọ́, àwọn náà wá ń bá aládùúgbò wọn sọ̀rọ̀ fún ọdún bíi mélòó kan, nídìí iṣẹ́, lójúde ilé. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2014 fi hàn pé níbi tí wọ́n ti ṣe é, lílù tí ọkọ tàbí olólùfẹ́ ń lu obìnrin fi ìdá 52 nínú 100 kéré sí ti ibi tí wọn ò ti ṣe é. Ní Kalifóníà, àwọn tó ń kọ́ ọmọkùnrin ní bọ́ọ̀lù àti eré ìdárayá mìíràn ni wọ́n lò. Bíi ìṣẹ́jú 15 lọ́sẹ̀ ni kóòṣì fi ń bá wọn sọ̀rọ̀ obìnrin, títí sáà eré á fi parí. Àwọn ọmọ náà ń dá sí i ju àwọn yòókù lọ bí ẹgbẹ́ wọn bá ń fìyà jẹ ọmọbìnrin. Ṣé o rí i? Ọ̀rọ̀ kékeré tí kò dáwọ́ dúró. Ìṣẹ́jú 30 rẹ, ìbẹ̀rẹ̀ ni kí o fi ṣe.

Sọ òfin fún wọn, àmọ́ má fi bẹ̀rẹ̀. Òfin ọjọ́ 9 oṣù Kìíní ọdún 2012 wà lórí ìwà ipá sí obìnrin, ó ka ti tọkọtaya pàápàá mọ́ ọn. Èyí tí wọ́n ṣe ní oṣù Kejìlá ọdún 2021 gbé irú ẹjọ́ yìí lọ sí CRIET, ilé ẹjọ́ pàtàkì tó ń gbọ́ ẹjọ́ ọ̀ràn ńlá, ní Àjàṣẹ́. Bí o bá fi CRIET ṣíde ọ̀rọ̀, ohun tí wọ́n máa gbọ́ ni pé kí wọ́n máa fi pamọ́.

Ọmọ Kétu sì ni yín. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tiyín ni, tí UNESCO fi kún ogún gbogbo ayé. Ọkùnrin ló ń gbé e, àwọn ìyá la fi ń yẹ́ sí. Lóru Ẹ̀fẹ̀, ta ló ń dúró lójú ọjà tó ń kọrin fi oníwàkiwà hàn, tí ilẹ̀ fi ń mọ́ bá a? Ọkùnrin ni. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé òyìnbó ló kọ́ ọ ní irú ọ̀rọ̀ yìí, rán an létí Ẹ̀fẹ̀.

Ọmọ Alákétu:

Bàbá, mo gbọ́. Mo ti ń rò ó láti àná. Ọ̀fẹ́ yẹn ni àrùn náà. Kí ló dé tí a ò dá iye kan fún ọmọ tó bá wọ kakí, aṣọ ilé ìwé, kí ó kéré, kí gbogbo páàkì mọ̀ ọ́n? Èyí tí kò bá ní in, ká kọ ọ́ sínú ìwé páàkì, kó má jẹ́ sínú orí onízémì.

Bàbá Páàkì (Kétu):

Ẹ kú ìjọ́ mẹ́ta. A ti ṣe é. Mo ní kí n wá jíṣẹ́.

Àwa 33 ló dé. Mi ò gbé gbohùngbohùn. Mo jókòó sórí kẹ̀kẹ́ mi bí mo ṣe máa ń jókòó, ọ̀rọ̀ ara mi ni mo sì fi bẹ̀rẹ̀. Mo ní: "Ẹ rántí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ báyìí báyìí. Ẹ rántí ohun tí a gbọ́. Mo rẹ́rìn-ín." Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Ẹnì kan ní kí n má tú àṣírí páàkì síta. Mo ní àṣírí ọmọ ọlọ́mọ ni, kì í ṣe ti páàkì, mi ò sì tíì dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó rín in lọ́jọ́ náà dorí kodò, kò gbé e sókè mọ́ títí a fi tú ká.

Mo sọ ti wákàtí 72 àti ti 138 bí Ìyá ṣe sọ ọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bi mí ní ìbéèrè jù. Wọ́n fẹ́ mọ ilé ìwòsàn tí wọ́n lè gbé ọmọ lọ lóru, bóyá àwọn ọlọ́pàá á mú ẹni tó gbé e wá, bóyá wọ́n á gba owó lọ́wọ́ òun. Obìnrin CPS ló dá wọn lóhùn, ó wà lẹ́yìn níbẹ̀, èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ kó sún mọ́ wa.

Lẹ́yìn náà mo ní kí wọ́n pín ara wọn ní méjì méjì. Kí ẹnì kan ṣe bí ẹni tó ń fọ́nnu nípa ọmọ CEG, kí ẹnì kejì dá a lóhùn. Ẹ ò ní gbà gbọ́, àgbàlagbà tó ń jà lórí èrò láti àárọ̀ dé alẹ́ ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ẹnu wọn kọ̀ ọ́. Ọ̀kan tó jù mí lọ lọ́jọ́ orí wí i lẹ́ẹ̀kan, ohùn rẹ̀ ò jáde, ó tún un wí. Gbólóhùn tí a fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni: "Ọmọ kì í san gbèsè." Kò gùn, èèyàn lè sọ ọ́ láì bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ jà. A wí i títí ó fi yọ̀ lẹ́nu.

A tún gba ti Ọmọ Alákétu. Fráǹkì 100 ni fún ọmọ tó bá wọ kakí, òjò, oòrùn. Èyí tí kò bá ní, akápò á kọ ọ́, àjọ páàkì á sì san án fún onízémì lọ́jọ́ Sátidé. Kẹ̀kẹ́ ò gbọdọ̀ yà, kò sì gbọdọ̀ dúró ra nǹkan fún un. Ẹni méjì kọ̀. Ọ̀kan bú mi, ó ní obìnrin ti rà mí, ó sì ti lọ dúró ní páàkì mìíràn. Ìyẹn ń jẹ mí lọ́kàn, torí ojú ọ̀nà kan náà ló ṣì ń gbà, àwọn ọmọ kan náà ló sì ń rí. Mo ti lọ bá olórí páàkì yẹn. Ó ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ní gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, mo ti pinnu pé ìṣẹ́jú 10 kí a tó fọ́n ká, a ó máa sọ ọ́.

Ohun tó kù ni ti ìyá tó ń tajà yẹn. Mo fẹ́ lọ bá a ní ìsọ̀ rẹ̀, kí n kúnlẹ̀, kí n sọ fún un pé mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo gbọ́, mi ò sọ nǹkan kan.

Ìyá Agbẹ̀bí (Àjàṣẹ́):

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Páàkì. Omi bọ́ lójú mi níbi tí bàbá àgbà yẹn ti tún un wí.

Àmọ́ ẹ má lọ sí ìsọ̀ rẹ̀, mo bẹ̀ yín. Gbogbo ojú ọjà á máa wò, wọ́n á máa bi í ní ohun tí olórí zémì ń kúnlẹ̀ fún. Ó sì lè jẹ́ pé kò tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn ọkùnrin jókòó rín ọmọ òun. Ẹ̀yin lẹ máa gbé ẹrù kalẹ̀, òun ló máa gbé e. Ẹ lọ bá obìnrin CPS yẹn. Kó wádìí jẹ́jẹ́ ohun tí ọmọ náà ń fẹ́: bóyá ilé ìwé ni, bóyá iṣẹ́ ọwọ́, bóyá ẹjọ́, bóyá kí ẹnikẹ́ni má bi í ní nǹkan kan. Bó bá jẹ́ pé ẹjọ́ ni, ẹ múra sílẹ̀ láti sọ ohun tí ẹ gbọ́ lẹ́nu ọkùnrin yẹn níwájú adájọ́. Ìyẹn ni yóò ṣe é láǹfààní ju ìkúnlẹ̀ lọ.

Bàbá Páàkì (Kétu):

Mo gbọ́, Ìyá. Bó bá jẹ́ ẹjọ́, màá sọ ọ́. Mo ti bá méjì nínú àwọn 6 yòókù sọ̀rọ̀, ọ̀kan ní òun náà á tẹ̀ lé mi. Ọjọ́rú ni mò ń lọ sí CPS.